Laser, Snipe, Lightning tàbí J/24: ọkọ̀ ìgbòkun wo ló bá iye èèyàn yín mu?

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìgbòkun fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń bi mí ni pé, èwo ló ń sáré jù? Èmi náà á dá a padà pé: èèyàn mélòó lẹ lè kó jọ láàárọ̀ Sátidé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní pè yín pé orí ń fọ́ òun?

Nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní one-design, gbogbo ọkọ̀ ló jọra: gígùn wọn dọ́gba, ìwọ̀n wọn dọ́gba, ìgbòkun wọn ò fẹ̀ ju ara wọn lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ìlà ìparí kọjá ló jáwé olúborí. Kò sí pé à ń yọ ìṣẹ́jú fún ọkọ̀ kan torí pé ó kúrú ju èkejì lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ eré ò já mọ́ nǹkan fún ẹni tó ń rajà. Bí Laser yín bá lọ́ra, Laser tèmi náà lọ́ra. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kà ni iye ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ tó ń bọ́ sómi ní tòótọ́ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ máa díje, kì í ṣe iye tí wọ́n fi tapólì bò sẹ́yìn ọgbà. Ẹ lọ wò wọ́n lọ́jọ́ ìdíje méjì ó kéré tán. Ọkọ̀ mẹ́jọ tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju ogún tó ń sùn lọ. Bí okùn ẹnì kan bá já kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹni tó máa sáré mú okùn wá fún un. Níbi tí ọlọ́kọ̀ kan bá ti ń tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó máa bá a du ipò kìíní láìpẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ náwó yín sí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan

Laser àti Sunfish ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn. Bruce Kirby, ọmọ Kánádà, ló ya àwòrán Laser ní 1969, ọdún 1971 ni wọ́n sì gbé e wá síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York. Ó gùn tó mítà 4.2, ara ọkọ̀ nìkan sì wọn nǹkan bíi kílò 59. Ó wọ Òlíńpíìkì ní 1996. Lẹ́yìn aáwọ̀ lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe é, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wà á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ILCA ní 2019. Bẹ́ ẹ bá rí ìpolówó méjì, tí ọ̀kan ní Laser tí èkejì ní ILCA, ẹ má ronú pé ọkọ̀ méjì ni.

Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé ara ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lo ìgbòkun mẹ́ta: ILCA 4, ILCA 6 àti ILCA 7. Èyí tó kéré jù fẹ̀ tó mítà 4.7 níbùú lóròó, èyí tó tóbi jù fẹ̀ díẹ̀ ju mítà 7 lọ. Apá ìsàlẹ̀ òpó àti ìgbòkun lẹ máa pààrọ̀, ó tán. Ọmọ tó ń dàgbà ò ní torí ẹ̀ sọ pé kẹ́ ẹ ra ọkọ̀ míì.

Sunfish ti wà ṣáájú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, àmọ́ ìgbòkun Sunfish so mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ṣe igun mẹ́ta, òpó rẹ̀ sì kúrú. Ó rọrùn láti tò: ọwọ́ kan okùn kan, ó ti ṣe tán. Laser ní tiẹ̀ máa ń jẹ itan. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ ó gbé gbogbo ara sí ìta ọkọ̀, ẹsẹ̀ yín á há sábẹ́ bẹ́líìtì, itan yín á máa gbóná bí ẹni pé wọ́n ń fi iná sun ún. Bí orúnkún yín bá ti ń ṣàròyé lórí àtẹ̀gùn ilé, Sunfish ni kẹ́ ẹ bá lọ. Àwọn tó ń fi í díje ò fi bẹ́ẹ̀ ka ipò tí wọ́n gbà sí ọ̀ràn ikú, ìyẹn náà sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Laser àkọ́kọ́ tí mo rà ń dán bí abọ́ tuntun. Mo fi díje lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbẹ̀yìn ni mo ń ṣe, mo sì rò pé àìmọ̀ọ́ṣe mi ni. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹnì kan gbé e sókè létí omi, a wá gbọ́ ìró omi nínú rẹ̀, ṣọ̀ọ̀, láti orí dé ìdí. A ṣí ìdérí kékeré tó wà lẹ́yìn, omi sì ń dà fún ìgbà pípẹ́ débi pé a jókòó. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀.

Látìgbà náà, mi ò kì í wo dídán mọ́. Ẹ bu omi kún ihò tí òpó ń wọ̀, kẹ́ ẹ sàmì síbi tí omi dé, kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi náà bá ti wálẹ̀, inú ọkọ̀ ló gbà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki apá ìsàlẹ̀ òpó bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ mì í síwá sẹ́yìn. Bí ojú ọkọ̀ bá ń mì bá a, ẹ kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀. Ti Sunfish yàtọ̀ díẹ̀, torí fóòmù wà nínú rẹ̀, tó lè mu omi láìsí ìró kankan. Òṣùwọ̀n nìkan ló máa tú àṣírí ẹ̀. Èyí tó gbẹ kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 60 lọ. Bó bá ti lé ní 75, ẹ má tẹ́tí sí ìtàn kankan.

Bẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan, tàbí méjì

Snipe ni ọkọ̀ tọkọtaya. Mi ò fi ṣeré o. Eléèyàn méjì ni, kò ní ìgbòkun ràgàjì tó ń wú bí bàlúù, ẹni tó fúyẹ́ sì wúlò nínú rẹ̀ gan-an. William Crosby ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1931, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn kan kí ẹni tó bá lè lo ayùn lè kàn án nílé. Ó gùn tó mítà 4.7, ìwọ̀n tí òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín sí sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 173. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, igi gbọọrọ kan ni ẹnì kejì máa fi ti ìgbòkun iwájú síta. Ohun tí ọwọ́ méjì ò lè ṣe ò sí nínú ẹ̀.

Lightning jẹ́ ti èèyàn mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ Sparkman & Stephens ló ṣe é ní 1938, ó gùn tó mítà 5.8, ó wọn nǹkan bíi kílò 318. Ìgbòkun mẹ́ta ló ní, spinnaker sì wà lára wọn, ìyẹn ìgbòkun ràgàjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá lẹ́yìn, ìyá láàárín, ọmọ níwájú: irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọ̀wọ́ Lightning, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jókòó síwájú nínú ọkọ̀ òbí wọn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín bá yín jáde, mi ò mọ èyí tó dára tó o. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹnì kẹta ò bá wá, ìrìn-àjò yín parí sórí iyanrìn.

Flying Scot yanjú ìyẹn. Gordon Douglass ló gbé e jáde ní 1957. Gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Lightning, ṣùgbọ́n ó wúwo tó kílò 385, ó sì fẹ̀ nídìí dáadáa. Èèyàn méjì lè fi díje, mẹ́ta náà lè fi díje, bí ẹni tó wá bá ṣe pọ̀ tó. Kò yá a lára láti dojú dé, àmọ́ bó bá dojú dé pẹ́nrẹ́n, òógùn á bọ́ kó tó dìde.

Bẹ́ ẹ bá ń wo Snipe tàbí Lightning àlòkù, ìbéèrè kan wà tí kì í wá sọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: òjé mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń fúyẹ́ ju ìwọ̀n tí òfin fẹ́ lọ, wọ́n á wá so òjé mọ́ inú ẹ̀ kó lè pé. Bí ọlọ́kọ̀ bá fi òjé kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún hàn yín, inú yín lè dùn, ara ọkọ̀ náà gbẹ. Bí kò bá sí òjé kankan, tó sì tún wọn ju òfin lọ, ó ti mumi, ọdọọdún láá sì máa mu sí i.

Bẹ́ ẹ bá ní ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́

J/24 jẹ́ ayé ọ̀tọ̀. Rod Johnstone kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀, 1977 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ó ju 5,000 tí wọ́n ti ṣe. Mítà 7.3 ni gígùn rẹ̀, ó wọn nǹkan bíi kílò 1,400, irin òjé wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé bọ̀rọ̀, ẹ sì lè sùn nínú rẹ̀ bẹ́ ẹ bá lè ká ẹsẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló sábà máa ń wà á, àpapọ̀ ìwọ̀n gbogbo wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju kílò 400 lọ. Ọlọ́kọ̀ J/24 lẹ máa rí tó ti ń tẹ fóònù láti ọjọ́rú: “Ṣé o máa wá? Kílò mélòó lo wọ̀n báyìí?” Èmi mọ ẹnì kan tó tà á torí iṣẹ́ fóònù yẹn nìkan, tó sì lọ ra Laser.

Owó ọkọ̀ gan-an lè má wọ́n, torí àtijọ́ ti pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìnáwó wà: krééènì tó máa gbé e wọ omi tó sì máa gbé e jáde, ọ̀dà ìdí ọkọ̀, ìgbòkun tó pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ lọ, àti ibi tó máa gùnlẹ̀ sí. Laser ò nílò ju orí mọ́tò lọ.

Igi balsa ni wọ́n fi sáàárín fáíbà rẹ̀, ó sì máa ń jẹrà bí omi bá gba ihò bóòtì wọlé. Ẹ fi ìdí sukurudiréfà kan ojú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá yíká àwọn irin ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òpó. Ibi tó gbẹ á dún kọ́-kọ́-kọ́. Ibi tó ti jẹrà á dún bọ̀, bí ẹni ń kan búrẹ́dì. Ibi kan péré ṣeé tún ṣe. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ bọ̀ láti iwájú dé àárín, ẹ gbàgbé rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kẹ́ ẹ sì wọ inú lọ wo àwọn bóòtì tó di irin abẹ́ mú: ìpáàrà níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti ń gbé ibẹ̀ pẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Star fa ojú yín mọ́ra. Ọkọ̀ 1911 ni, ó rẹwà kọjá ààlà, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ gùn fíofío, kò sì ní àmúmọ́ra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Nínú gbogbo wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí ìgbòkun ju ti ọkọ̀ lọ. Ìgbòkun tuntun tó dún wàrà-wàrà bí ìwé, ó dára. Èyí tó rọ̀ bí aṣọ ìbùsùn ti parí iṣẹ́, owó míì sì nìyẹn láti àpò yín.

Ẹ má tíì sanwó o. Ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ kan jẹ́ kẹ́ ẹ bá òun jáde nínú ìdíje kan, kẹ́ ẹ jókòó síbi tó bá fi yín sí. Bẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀, tí ẹlòmíì nínú ọ̀wọ́ náà sì wá bá yín pé, “Ṣé ẹ ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹnì kan tiwa ò ní sí nílé,” ẹ dá a lóhùn pé ẹ ráyè, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò títí sáà ìdíje náà á fi parí.