Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń to táǹkì ẹja kiri Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ fẹ́ràn ẹja inú gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó pé òun máa ń to táǹkì kékeré fún èèyàn: yanrìn, òkúta, kùkùté igi, àti ewéko tútù tó ń hù nísàlẹ̀ omi. Ó gba ₦85,000 lọ́wọ́ mi nígbà àkọ́kọ́, ó gba ₦20,000 nígbà kejì, ó tún gba ₦25,000 nígbà kẹta. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí orúkọ tó sọ fún mi kọ́ ló sọ fún ẹlòmíì tó tún bá ṣiṣẹ́. Ìṣe rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀.

Kì í gba owó kó sá lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kí n tó fura. Ó máa ń wá, ó máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni, táǹkì á sì dùn ún wò débi pé ẹ óò pe aládùúgbò wá wò ó. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tó bá tò síbẹ̀, ẹ óò wá èyí tó lè pé oṣù méjì láàyè tì. Tó bá bàjẹ́, ẹ óò pè é, á ní ẹ ò tọ́jú ẹ̀ dáadáa, á tún un tò, ẹ óò tún sanwó. Nídìí àtúntò yẹn gan-an ló ti ń jẹun.

Ìta Ẹlẹ́wà ni mo ti ń ránṣọ. Orí tábìlì níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó dúró de aṣọ ni táǹkì náà wà. Ọmọ mi ọkùnrin ló bẹ̀ mí títí mo fi gbà. Kò tóbi. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ni gígùn rẹ̀, ìyẹn bí 60 sẹ̀ǹtímítà, 30 ní fífẹ̀, 36 ní gíga. Bí ẹ bá tiẹ̀ rọ omi kún un dẹ́nu, kò lè gbà ju bíi lítà 65 lọ. Ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, torí inú omi kékeré ni àṣìṣe ti ń tètè pa ẹja.

Àwọn fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló kọ́kọ́ mú mi lójú. Òkè kéékèèké, koríko tútù yọ̀yọ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì, ẹja pupa wínníwínní tó ń lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní òun lòun tò wọ́n fún àwọn oníbàárà òun ní Agric àti Sábó. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni ọmọ mi fi ìka kan ibì kan nínú ọ̀kan lára fọ́tò náà: ibi tí wọ́n ti ki wáyà iná bọ ara ògiri lẹ́yìn táǹkì. Ihò róbótó méjì ni. Tiwa níbí, ihò mẹ́ta onígun mẹ́rin ni. Ilé ta ni ní Sábó ló ní irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀? Ó tún sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Takashi Amano ní Japan lòun ti lọ kọ́ṣẹ́ ní 2018. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, mo kàn ń mi orí. Amano ni ayafọ́tò tó sọ irú táǹkì elewéko yìí di ohun tí èèyàn ń ṣe káàkiri ayé. Ọdún 2015 ló kú.

Ọjọ́ tó wá, ó gbé àpò méjì àti kúlà kan dání. Wákàtí méjì péré ló lò. Ó da ilẹ̀ dúdú sísàlẹ̀, ó ní ilẹ̀ láti Jámánì ni. Ó fi yanrìn bò ó, ó to òkúta funfun márùn-ún sáàárín gbùngbùn, ó fi ewé yí wọn ká, ó rọ omi sí i. Ó kán nǹkan olómi búlúù sí i láti inú ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, ó ní òun ló ń jẹ́ kí omi ṣetán lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló tú ẹja mẹ́wàá sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: goldfish mẹ́rin, guppy mẹ́fà. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ wá wo Párádísè.” Ó ya fọ́tò. Ẹ má gbàgbé fọ́tò yẹn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ewé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó mi lọ. Ewé gíga tó gbìn sẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ń pè ní lucky bamboo. Kì í ṣe ọparun rárá. Ọmọ ìyá pèrègún ni, ìran kan náà ni wọ́n. Ṣé ẹ ti rí pèrègún tó ń hù nísàlẹ̀ odò rí? Bí gbòǹgbò rẹ̀ nìkan bá wà nínú omi tí ewé rẹ̀ wà níta, á pẹ́ láyé. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ pátápátá, á pọ́n, á rọ̀, á rà, gbogbo ohun tó rà yẹn á sì máa di májèlé sínú omi ẹja. Mo ra igi mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦2,500 ẹyọ kan.

Ewé kejì ni Anubias, ìdì kan ₦9,000, ó ní láti Singapore ni wọ́n ti kó o wọlé. Ewé rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ewé náà. Àmọ́ Nàìjíríà níbí àti Kamẹrúùnù ni Anubias barteri ti ń hù fúnra rẹ̀, lára òkúta àti gbòǹgbò igi létí odò inú igbó. Barter tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ wà lára àwọn tó bá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie rin ìrìn àjò Odò Ọya. Rabba, létí odò náà, ló kú sí ní 1859. Èyí tó dùn mí jù ni bó ṣe gbìn ín. Ewé yìí ní igi kan nídìí tó nà gbọọrọ bí atalẹ̀, ara rẹ̀ ni ewé ti ń yọ sókè tí gbòǹgbò ń yọ sísàlẹ̀. Igi yẹn kò gbọdọ̀ wọnú yanrìn. Ṣe lẹ ó fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi, gbòǹgbò á di ara rẹ̀ mú tó bá yá. Ó ri gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni gbin iṣu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo fa ọ̀kan, ó já sí mi lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ ti dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà jù, ó dúdú, ó ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ dúdú fọwọ́ kí n tó lè fọwọ́ kan léèsì oníbàárà.

Mo pè é. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ilé tuntun ni kò tíì mọ́ ewé lára.” Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sì fi ń bo irọ́ rẹ̀. Àwọn ewé kan wà, bíi Cryptocoryne, tí ewé wọn máa ń yọ́ dànù bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn sínú omi tuntun, tí òmíràn á tún hù. Ẹ fi ìka tẹ ìdí rẹ̀. Bó bá le, ó wà láàyè, ẹ ní sùúrù. Bó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ti kú, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò.

Ojúoró tó dà sórí omi, mẹ́wàá, ₦500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojúoró ní í lékè omi, gbogbo wa la máa ń fi ṣàdúrà; ẹni tó bá dé etí omi ní Báyékù á rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó bo ojú táǹkì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iná kò dé ìsàlẹ̀ mọ́.

Òkúta funfun tó ní láti Japan ló ti wá, ẹ̀gbọ́n kan tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ lọ́nà Ìgbógbó ló là mí lójú sí i. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan, ọ̀dà ṣí kúrò lára rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibi tó ha, ó sì hó wìì bí ọṣẹ. Òkúta tó bá hó bẹ́ẹ̀ ní ẹfun nínú, á máa mú omi le sí i díẹ̀díẹ̀. Guppy lè fara dà á, àmọ́ ẹja neon tetra àti ọ̀pọ̀ ewé kò fẹ́ ẹ. Ọ̀dà ni kò sí ẹja tó fẹ́.

Nígbà kejì, ó kó ewé tó rà dànù, ó tún gbin irú rẹ̀, ó gba owó. Ìgbà kẹta ló burú jù. Mo sọ fún un pé òkúta tó wà láàárín gbùngbùn kò wù mí mọ́, ó ní òun á tún un tò pátá. Ẹja ṣì kù mẹ́fà nínú omi. Kò kó wọn jáde. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fa ewé tu, ó ń wọ́ òkúta lórí ilẹ̀ yẹn. Ìfóòfó ńláńlá ń ru sókè, omi dúdú bí àgbo, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù débi pé oníbàárà méjì dìde. Ó tún yọ fóòmù inú fílítà, ẹ̀rọ oníná tó ń sẹ́ omi, ó lọ fún un lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí ó fi funfun. Ó ní, “Ó ti mọ́ báyìí.” Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló lọ. NEPA mú iná ní aago mẹ́jọ. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ẹja ti wá sójú omi, wọ́n ń yanu. Ilẹ̀ mọ́, kò ku ọ̀kan. Ọmọ mi kó wọn sínú ike áísìkiriìmù, ó sin wọ́n sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ló tú ilẹ̀ náà sórí ìwé ìròyìn lójú mi. Ìyẹ́ adìyẹ funfun kékeré kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé adìyẹ. Ilẹ̀ Jámánì! Ìgbẹ́ adìyẹ àti ilẹ̀ òdòdó ló pò pọ̀. Ohun tó ń jẹrà lábẹ́ yanrìn níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé ló ń ṣe gáàsì olóòórùn ẹyin yẹn, amóníà sì ń tú jáde pẹ̀lú rẹ̀. Méjèèjì ń pa ẹja. Bẹ́ẹ̀, inú fóòmù fílítà tó fọ̀ dànù ni àwọn bakitéríà tó ń sọ amóníà di ohun tí ewé lè jẹ ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀ nínú táǹkì tuntun, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tú ẹja mẹ́wàá sínú omi ọjọ́ kan. Goldfish pàápàá kò yẹ níbẹ̀ rárá: á dàgbà ju táǹkì lọ, á sì jẹ ewé tútù tán.

Bí ẹ bá fẹ́ tún táǹkì yín tò, ẹ fa omi àtijọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ kó ẹja sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí fílítà máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Omi àtijọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi ṣan fóòmù rẹ̀. Ẹ to òkúta àti igi lórí tábìlì ná kó tó wọ gíláàsì. Ẹ má fi òkúta tó tóbi jù sáàárín gan-an, ẹ sún un sápá kan. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ga lẹ́yìn bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, kó rẹlẹ̀ níwájú bíi mẹ́ta, kí ewé kúkúrú wà níwájú. Ìyẹn nìkan á jẹ́ kí táǹkì kékeré dà bí ibi tó jìn. Ìdajì ọjọ́ kan ni mo fi ṣe tèmi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yẹn, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ bá yín tò ó, ẹ ní kó mú yín lọ wo èyí tó tò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin yìí máa ń sọ pé oníbàárà náà rìnrìn àjò. Ẹ ní kó fi fídíò ránṣẹ́ tó ti ń pe orúkọ yín nínú rẹ̀. Ẹ bi í ní orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá abẹ́ omi ló ń gbé. Bó bá ní ẹja á wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹ dá owó yín padà sápò.

Mo gbọ́ pé ó ti ń wá iṣẹ́ lọ́nà Odógùnyàn àti Ẹpẹ báyìí. Fọ́tò táǹkì mi ló fi ń polówó, èyí tó yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: òkúta funfun márùn-ún, ojúoró lórí omi, ìdí máṣíìnì ìránṣọ dúdú kan sì hàn lẹ́yìn gíláàsì lápá ọ̀tún, pẹ̀lú aṣọ àǹkárá aláwọ̀ ewé tí mi ò tíì ran tán. Bó bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ fún un pé ẹ mọ ẹni tó ni máṣíìnì yẹn, ẹ sì mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ sin àwọn ẹja náà sí.