Sílíńdà kọ́kọ́rọ́ tí mo fi sí àpótí búrẹ́dì ẹ̀yìn ọ̀kadà mi, lẹ́yìn oṣù márùn-ún

Kí n tó sọ ti kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń tì. Ọ̀kadà ni mo fi ń pín búrẹ́dì. Ìdájí ni mo máa ń kó o níbi tí wọ́n ti ń yan án ní Adó-Èkìtì, màá gba Ìyìn, màá ya Ìgèdè, títí dé Arámọkọ, láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Àpótí tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀ kò sí lórí ìjókòó o. Ó ní táyà méjì tirẹ̀, irin ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ń tẹ̀lé mi bí ọmọ ewúrẹ́. Àwọn ọmọ Ìgèdè ń pè é ní ọmọlanke ọ̀kadà, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Páànù wà lóde, pákó pẹlẹbẹ wà nínú, ìdérí rẹ̀ sì ní ihò kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo níwájú.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe nítorí olè ńlá. Ẹni tó bá gbé irin wá kò ní bẹ kọ́kọ́rọ́ kó tó ṣí àpótí. Ọwọ́ tó ń kọjá lọ ni mo ń tì í mọ́, nígbà tí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti oníbàárà ń ka owó.

Sílíńdà àkọ́kọ́, ìyẹn irin róbótó tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, bá àpótí wá ni. Ó ṣe dáadáa fún ọdún kan àti díẹ̀, títí ọyẹ́ fi dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́ mọ irú eruku pupa tí mò ń wí. Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ihò rẹ̀, ó dẹ̀, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo tún ta á sí i. Ẹ̀bi mi nìyẹn, n kò ní dì í ru ẹnikẹ́ni. Nínú sílíńdà kékeré bẹ́ẹ̀, awẹ́ irin pẹlẹbẹ mélòó kan ló tò síbẹ̀, sípíríìnì tó tínrín bí irun ló ń tì wọ́n. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló máa gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ipò rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó lè yí. Bí ẹyọ kan bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó parí. Ọ́ìlì mi àti eruku ọyẹ́ ti di ẹrẹ̀ síbẹ̀.

Ìgèdè ló ti kán. Oòrùn ọ̀sán, ogójì búrẹ́dì nínú àpótí, ìdajì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ìdajì tó kù nínú ihò.

Wẹ́dà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wo iwájú àpótí, ó lọ wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ta ló bá yín ṣe ìdérí yìí?" Mo ní ọ̀gá kan ní Adó ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi ìṣó ńlá kan ti ìsàlẹ̀ ínjìsì, irin tí ìdérí fi ń ṣí tó fi ń padé, ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀pá àárín rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ṣe èkejì bákan náà. Ló bá gbé ìdérí láti ẹ̀yìn bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rárá. Èmi àtirẹ̀ wo ojú ara wa. Ọdún kan àti díẹ̀ ni mo ti ń tì iwájú tí ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí!

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí sílíńdà, ẹ lọ wo ínjìsì yín. Wẹ́dà náà bá mi jó orí àti ìdí ọ̀pá méjèèjì pa kí wọ́n má baà ṣeé tì jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá kù. Sílíńdà tí mo kọ́kọ́ rà ní Adó, ₦1,500, mo kàn ní kí wọ́n fún mi ní "ti àpótí" ni. Nígbà tí mo kì í bọ ihò, ìdí rẹ̀ kò yọ jáde nínú débi tí nọ́ọ̀tì máa fi rí ibi dì mú. Mo mú rúlà ọmọ mi, mo wọn páànù àti pákó pọ̀: mìlímítà mọ́kàndínlógún. Ọrùn sílíńdà tí mo rà, ibi tó ń wọ inú ihò, kò ju mìlímítà mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹni tó tà á kò gbà á padà, ó ní mo ti já ọ̀rá rẹ̀. Ó wà nílé báyìí, ọmọ mi ń fi ṣeré.

Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìkejì: ọrùn ọgbọ̀n mìlímítà, ìdérí rọ́bà kékeré lójú ihò, kọ́kọ́rọ́ méjì, ₦4,000. Bí mo ṣe fẹ́ sanwó, màmá kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń ra ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní, "Bàbá oníbúrẹ́dì, ẹ dán kọ́kọ́rọ́ ti ẹlòmíràn wò nínú rẹ̀ ná." Mo rò pé àwàdà ni. A kó sílíńdà mẹ́fà sílẹ̀ láti inú páálí kan náà, a ń ki kọ́kọ́rọ́ ti èyí bọ tọ̀hún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣí tèmi wẹ́rẹ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe é fún. Ojú ti ẹni tó ń tajà. Irú kọ́kọ́rọ́ tí owó rẹ̀ kò wọ́n yìí, oríṣi eyín tí wọ́n ń gé fún un kò pọ̀, àwọn kan máa ń bára wọn dọ́gba. Mo fi ìyẹn sílẹ̀, mo mú òmíràn tí márùn-ún tó kù kò lè ṣí. Ọlọ́run á máa ṣe màmá yẹn lóore.

Wọ́n ní idẹ ni. Nígbà tí mo délé, mo fi ẹnu ọ̀bẹ họ ọrùn rẹ̀ níbi tí kò hàn, ó funfun bí eérú. Síńkì ni. Kò bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, àmọ́ kí wọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí a fẹ́ fi sí i ni wàhálà tún dé. Ẹ wo ọrùn irú sílíńdà yìí dáadáa, kì í ṣe òbìrìkìtì pátá, wọ́n gé e pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Ihò ara páànù ló yẹ kó ní ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ méjì yẹn kó lè dì í mú. Ihò tèmi ti ṣe rogodo nítorí dírílì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fi lu ú. Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo sílíńdà ń bá a yí. Wẹ́dà wa ti Ìgèdè gé páànù kékeré kan bí ojú káàdì fóònù, ó fi fáìlì ya ihò tó bá ọrùn náà mu gẹ́lẹ́, ó sì jó o mọ́ ẹ̀yìn ihò àtijọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún. Ó gba ₦2,500 pẹ̀lú ti ínjìsì, n kò tiẹ̀ ná an.

Oṣù márùn-ún rèé. Òjò ti rọ̀ lé e lórí, ó ń ṣí. Ìdérí rọ́bà yẹn ṣe é lóore gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ kan ti ń ya. N kò ta ọ́ìlì sí i mọ́ láé. Pẹ́ńsù ni mo fi ń pa eyín kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi dúdú, màá kì í bọ ihò, màá fà á yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán. Dúdú inú pẹ́ńsù ń yọ̀, àmọ́ kì í gba eruku mọ́ra bí ọ́ìlì. Ìṣòro tó ní ni nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀: kòtò ojú ọ̀nà gbọ̀n ọ́n tú lẹ́ẹ̀mejì lóṣù àkọ́kọ́, ahọ́n irin tó ń há ìdérí sì ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. Mo fi wọ́ṣà onísípíríìnì, òrùka irin tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, sí i, mi ò rí i kó tú mọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti fi wọ́ṣà yẹn sínú ọ̀rá láti ilẹ̀.

Méje nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Màá tún rà á, àmọ́ màá mú rúlà dání.

Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ògì ní Ìgèdè, ní òdìkejì ibi tí ti àkọ́kọ́ kán sí. Ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Bí mo bá ti ń kọjá ní àárọ̀, á gbé e sókè fi hàn mí láti ọ̀ọ́kán, á máa rẹ́rìn-ín.