Páìpù inú ògiri àbí ti ìta: èwo ló sàn fẹ́ni tó fẹ́ ràlé n'Íkòròdú?

Páìpù omi ìdọ̀tí tí wọ́n rì mọ́ ògiri àti abẹ́ táìlì dùn ún wò; òun ni ajẹ́ńtì máa fi ń yangàn. Èyí tó gba ara ògiri ìta wálẹ̀ kò lẹ́wà, àmọ́ òun lèmi á mú. Bó bá jò, ẹ ó rí i. Bó bá dí, púlọ́mbà á ṣí ìdérí rẹ̀ láì fọ́ táìlì kankan. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀: ó máa ń jẹ́ kí PVC, ìyẹn ike tí wọ́n fi ṣe páìpù, gan, kó sì sán.

Ti inú ògiri ńkọ́? Ẹ wò ó bóyá ọ̀dà ń wú nísàlẹ̀ ògiri balùwẹ̀. Ẹ da báàkẹ́ẹ̀tì omi kan sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tẹ́tí sí ihò omi balùwẹ̀. Bó bá ń dún gbọlọgbọlọ, ó ṣeé ṣe kí páìpù atẹ́gùn, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù ìdọ̀tí, má sí, tàbí kó ti dí. Ìyẹn lè fa omi tó máa ń dúró sínú ọrùn páìpù láti dènà òórùn lọ.

Bílé bá wà lápá Ìpakodò, nítòsí ọ̀sà, ẹ padà lọ wò ó lásìkò òjò. Bómi abẹ́ ilẹ̀ bá ga, sọkawéè lè kún, kí ìdọ̀tí máa padà wálé, ìbáà ṣe páìpù inú, ìbáà ṣe ti ìta.