Páìpù oníhò tí mo rà láti gbin ẹfọ́ sí bàkọ́nì: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ohun èlò hydroponics yìí láti fi gbin ẹfọ́ sílé láìlo iyẹ̀pẹ̀, bébà ìlànà tó wà nínú páálí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá ní kí ẹ da ìgò A àti ìgò B, ìyẹn oúnjẹ ewéko, pọ̀ sínú ike kan, kí ẹ mì í pọ̀ kí ẹ tó bù ú sínú táǹkì, ẹ má ṣe é o. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló pa àwọn ewéko mi àkọ́kọ́, ohun tí ojú mi sì rí lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ ló mú mi jókòó kọ èyí.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí ẹrù náà ṣe rí. Fọ́tò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́: páìpù funfun mẹ́rin lórí irin, ihò lára wọn, táǹkì nísàlẹ̀, pọ́ǹpù kékeré tó ń fa omi lọ sókè kó tó tún ṣàn padà wá. Ìbàdàn ni mo ń gbé, òkè pátápátá ni ilé tiwa wà nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mi ò ní ilẹ̀ tí mo lè kọ ebè sí, ewúrẹ́ àdúgbò kò sì ní jẹ́ kí ohun tí èèyàn bá gbìn sísàlẹ̀ yè. Ó wù mí kí n máa já ẹfọ́ tí mo mọ omi tó mu dàgbà. Ẹni tó bá ti rí omi gọ́tà tí àwọn kan ń bu sí ẹfọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ohun tí mò ń sọ. ₦85,000 ni mo san, owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀.

Kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Irin náà lágbára, kì í mì. Oríkèé páìpù kankan kò jò láti ìgbà tí wọ́n ti tò ó. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó gbé e wá bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn, wọ́n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọn ife oníhò tí ewéko ń wà nínú wọn, wọ́n sì gbá bàkọ́nì kí wọ́n tó lọ. Mo ti pe oníṣẹ́ sílé rí, mo mọ̀ pé irú èyí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ti fọ kókópíìtì, ìyẹn èérún èèpo àgbọn tí à ń gbin hóró sí, dáadáa, kò sí iyọ̀ lára rẹ̀. Hóró tí mo gbìn fẹ́rẹ̀ẹ́ hù tán. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wa ni mò ń mú lọ sí bàkọ́nì lọ wò ó.

Ìgbà tí ewé gidi yọ ni bébà ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lóúnjẹ. Oúnjẹ náà ki nínú ìgò, omi ló yẹ kó là á kó tó ṣeé lò. Ìdí tí wọ́n fi pín in sí ìgò méjì, bébà kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé kí n da A àti B pọ̀ sínú ike kan, kí n mì í, kí n máa bù ú lò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́, kò ṣeé ṣì kà. Mo dà wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe wí. Lójú ẹsẹ̀ ni omi náà ṣú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nǹkan funfun ti rọ̀ sísàlẹ̀ ike bí ògì ṣe ń rọ̀ sábẹ́ omidùn. Omi òkè rẹ̀ ni mò ń bù sí táǹkì. Kò pẹ́ tí ewé tuntun tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò, etí wọn ń jóná, ewé tó kù ń pọ́n láìtọ́jọ́.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kí mi dáadáa.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú mà. Ṣé bóhóòlù lẹ ń lò?”

Mo ní bóhóòlù ni.

“Ohun tó fà á nìyẹn mà. Omi yín ni kò dáa. Ẹ ra omi inú ike.”

Lítà 40 ni táǹkì yẹn ń gbà, ó sì tún ń fẹ́ àfikún bí ewéko ṣe ń mu ún. Mo bi í pé ṣé kí n máa ra omi ìgò fún ẹfọ́ nígbà tí ọmọ ènìyàn ń mu píọ̀ wọ́tà. Ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi títí káàdì mi fi tán. Mo tún pè, ẹlòmíràn gbé e, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Òun ní ebi ló ń pa wọ́n, kí n da púpọ̀ sí i. Mo da púpọ̀ sí i, wọ́n sì tún kú sí i. Mo wá ya fọ́tò nǹkan funfun yẹn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Wọ́n rí i, àmì búlúù méjì yọ, wọn ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì ni èsì dé: kí n fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi A àti B mìíràn ránṣẹ́ sí mi.

Ibẹ̀ ni inú mi ti ru. Wọn ò tíì sọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ tà mí ní èkejì. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí wọn. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo sọ fún wọn pé owó oṣù ni mo fi ra ọjà wọn, mo tẹ̀ lé bébà wọn lẹ́sẹẹsẹ, mo sì fẹ́ rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lójúkojú. Wọ́n ní àwọn yóò rán ẹnì kan wá láti Èkó, àmọ́ èmi ni màá san owó ọkọ̀ rẹ̀. Mo san án. Ó ṣì ń dùn mí pé mo san án.

Ẹni tí wọ́n rán wá ni ó yí ọ̀rọ̀ yìí padà.

Ọmọbìnrin kékeré ni, báàgì ló gbé kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní kó jókòó, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí wọn.” Kò bi mí ní ìbéèrè nípa omi rárá. Ó fa ewéko kan yọ, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé ike yẹn sókè síwájú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú bébà wá. Ó kà á, ó tún un kà.

“Mọ́mì, bébà yìí kò dáa. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é.”

Ẹ ò lè mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe rí lára mi lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ lórí fóònù.

Ó ní kí n mú ife gíláàsì méjì wá. Nínú àkọ́kọ́, ó da A díẹ̀ àti B díẹ̀ lé ara wọn, ó ṣú lójú wa níbẹ̀. Nínú èkejì, ó bu omi kún un, ó kán A sí i, ó rò ó dáadáa, ó wá kán B sí i. Omi náà mọ́ kedere. Ó ṣàlàyé pé kálíṣíọ́ọ̀mù ló wà nínú A, fọ́sífétì àti sọ́lfétì ló wà nínú B. Bí wọ́n bá ki tí wọ́n sì pàdé, wọ́n á gbá ara wọn mú, wọ́n á di ẹrọ̀fọ̀ funfun tí gbòǹgbò kò lè mu. Ọ̀kan lára ohun tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ yẹn, jípúsọ́ọ̀mù ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe P.O.P. sí àjà ilé. Bí omi bá ti pọ̀ kí wọ́n tó pàdé, wọn ò ní rí ara wọn gbá mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sábà máa ń tà á ní ìgò méjì. Ewé àárín tó ń jóná létí, àìrí kálíṣíọ́ọ̀mù ni, torí kálíṣíọ́ọ̀mù kì í kúrò lára ewé àgbà lọ sára ewé tuntun.

Ó wọn omi bóhóòlù mi. pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kan tó ni pH á ṣe wálẹ̀ tó), jẹ́ 7.8. Ó ní 5.5 sí 6.5 ni ẹfọ́ ń fẹ́, pé bó bá ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin, lè wà nínú omi kí ewéko má rí i mu, ewé á sì máa pọ́n. Bébà ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó ní ọsàn á mú un wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á jẹ ásíìdì ọsàn yẹn, pH á tún gòkè padà. Ìgò kékeré pH tirẹ̀, èyí tó ń mú un wálẹ̀, ló fi tún ti mi ṣe, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú páálí ₦85,000. Kí ló dé?

Nígbà tó rí táǹkì, ó mi orí. Ike tí ìmọ́lẹ̀ lè wọ̀ ni, èéhọ̀n sì ti hù nínú rẹ̀. Ó ní kí n fi ọ̀rá dúdú wé e kí ìmọ́lẹ̀ má wọlé, kí n wá fi aṣọ funfun bo ọ̀rá náà kí oòrùn má sè é. Ooru ní tirẹ̀ jẹ́ ìṣòro ńlá níbí. Lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Bó bá dé 30°C, kò ní gbà ju bíi 7.5 lọ. Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, omi gbígbóná ló sì máa ń jẹ́ kó rà.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá kàn. Páìpù yìí kì í gba omi púpọ̀ dúró. Bí NEPA bá mú iná lọ, pọ́ǹpù dúró, gbòǹgbò á gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ èyí, Ìbàdàn la sì wà! Ọmọ yìí ní kí n mú garawa ọ̀dà òfìfo wá. Ó fọ̀ ọ́, ó lu ihò sí ọmọrí rẹ̀, ó po oúnjẹ sínú omi, ó gbé ife oníhò lé e kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kàn kan omi. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí iná. Ọ̀nà tí Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii gbé kalẹ̀ nìyẹn: bí ewéko bá ṣe ń mu omi, omi á máa lọ sílẹ̀, gbòǹgbò òkè á wà nínú afẹ́fẹ́ tí á máa mí, ti ìsàlẹ̀ á máa mu. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ bu omi kún un dé ẹnu padà, torí gbòǹgbò tó ti mọ́ afẹ́fẹ́ lára á rì. Ó tún ní kí n dí gbogbo ihò tó ṣófo, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá nínú omi tó dúró.

Kó tó lọ, mo bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹun dáadáa. Ó wá yọ hóró tẹ̀tẹ̀ àti ẹfinrin láti inú báàgì rẹ̀. Hóró lẹ́túùsì nìkan ni ilé iṣẹ́ ń kó sínú páálí, lẹ́túùsì kò sì fẹ́ ooru wa. Ńṣe ló máa ń sáré yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò. Tẹ̀tẹ̀ fẹ́ràn oòrùn.

Tẹ̀tẹ̀ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wò ó! Kò sí iyanrìn lábẹ́ ewé rẹ̀, omi ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń fi ṣàn án kó tó wọ ìkòkò. Bí mo bá gé orí rẹ̀, ẹ̀ka méjì ló ń yọ. Ẹfinrin ti kún inú garawa, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń wá já a fún ọbẹ̀ ẹja. Mo da páìpù náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo so pọ́ǹpù mọ́ ínfátà, òun náà ń ṣe dáadáa. Ọjà yìí dára. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú máa bí mi. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n tún bébà wọn tẹ̀. Èsì wọn ni pé, “Ẹ ṣeun, a mọrírì yín.” Lẹ́yìn náà ni aládùúgbò mi kan rí tèmi, ó lọ ra tirẹ̀. Mo ṣí páálí rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: bébà kan náà, ìlà kan náà, lẹ́tà ńlá kan náà. Mo fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ti ra èyí, tí ẹfọ́ wọn kú, tí wọ́n gbà pé ọwọ́ àwọn ni kò dára, tí wọ́n sì ti gbé páìpù jù sẹ́yìn ilé? Òṣìṣẹ́ wọn mọ òótọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e kiri láti ilé dé ilé, wọn ò sì bi í kí wọ́n tó tẹ ìwé.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè bóyá ìgò pH wà nínú páálí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n mú hóró lẹ́túùsì wọn kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀, kí ẹ fi kún owó ìgò pH tiyín.