Àtúnkọ́ tí kò tán: àgbéyẹ̀wò ẹgbẹ́ White Sox láti ọwọ́ ẹni tó ń sanwó wò wọ́n

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù White Sox ti ìlú Chicago, ẹ sì jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ pé àgbàdo tí wọ́n ń tà nínú pápá ìṣeré wọn ló gba ọ̀kan nínú ìràwọ̀ méjèèjì. Ojú wa báyìí ni wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ kúrò lára ṣùkù sínú ife, tí wọ́n á fi bọ́tà, wàràkàṣì, ata gígún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kò sì sí ìgbà kan tí mo jẹ ẹ́ tó já mi kulẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ni pápá náà ló ń já mi kulẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ọjà tí wọ́n ń tà fún àwa olólùfẹ́ wọn láti òpin ọdún 2016, ìyẹn ìlérí pé bí a bá fara da ìyà fún ọdún díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta àwọn tó mọ eré jù, tí wọ́n sì ń kó ọ̀dọ́ jọ, ife ẹ̀yẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà dáadáa, ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí ọjà rẹ̀ ṣe ń lọ. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ láti ilé, owó ni ẹgbẹ́ kan fi ń ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ èkejì, agbábọ́ọ̀lù náà sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kó tó lọ. Nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi pààrọ̀ ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá rọ́wọ́ mú yóò kó àwọn akọni rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ń lé ife, yóò sì gba ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣì wà ní líìgì kékeré dípò wọn. Àtúnkọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, kò sì burú bí a bá ṣe é parí. Cubs tí wọ́n wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú wa ṣe é, wọ́n gba ife ní 2016. Houston Astros ṣe é, wọ́n gba tiwọn ní 2017, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ wá ta epo sí aṣọ àlà wọn lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kejìlá 2016, Rick Hahn, tó jẹ́ ọ̀gá tó ń bójú tó rírà àti títà agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, gbé Chris Sale, ajubọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù tí a ní, fún Boston Red Sox, ó sì gba ọmọ Kúbà kan tó ń jẹ́ Yoan Moncada àti Michael Kopech pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an, Adam Eaton lọ sí Washington, Lucas Giolito, Reynaldo López àti Dane Dunning sì wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di oṣù Keje 2017, wọ́n fi José Quintana ránṣẹ́ sí Cubs, wọ́n sì gba Eloy Jiménez àti Dylan Cease pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. N kò bínú sí ìkankan nínú pàṣípààrọ̀ wọ̀nyí nígbà náà, n kò sì bínú sí wọn títí di òní. Hahn tajà, ó sì rí ọjà gidi gbà. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Giolito ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Pittsburgh láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin eré láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gbá ẹyọ kan tó mọ́yán lórí, Cease náà sì ṣe ipò kejì nínú ìbò tí wọ́n fi ń yan ajubọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì wa, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì tí eré náà ní, ní 2022. Nítorí èyí ni mo fi ń pa ẹnu mọ́ ní 2018 tí a pàdánù ìgbà 100 nínú eré 162. Wọ́n ní kí a ní sùúrù, a ní in.

Pàṣípààrọ̀ tí mo bínú sí ṣáájú àtúnkọ́ yìí, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ náà kì í mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tà. Ní oṣù Kẹfà 2016, nítorí James Shields, ajubọ́ọ̀lù tí agbára rẹ̀ ti ń tán, wọ́n yọ ọmọ ọdún 17 kan fún San Diego Padres. Fernando Tatis Kékeré ni orúkọ ọmọ náà. Ní 2021 ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà 42, kò sì sí ẹni tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní líìgì tiwọn lọ́hùn-ún. Èmi kì í fẹ́ wo eré Padres mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dijú ni ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà gbó tán. Iṣẹ́ àtúnkọ́ ní apá méjì: ẹ óò ta, ẹ óò sì tún nawó kún un nígbà tí ohun tí ẹ gbìn bá so. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, Manny Machado ń wá ẹgbẹ́ tí yóò lọ. Àwọn ará wa gba Yonder Alonso, tó jẹ́ àna rẹ̀, wọ́n tún gba Jon Jay, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń kó ẹbí ṣíwájú ìyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan owó, mílíọ̀nù 250 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ ni wọ́n gbé kalẹ̀, Padres sì gbé mílíọ̀nù 300 fún ọdún mẹ́wàá, ni Machado bá bá tiwọn lọ. Àdéhùn tó tóbi jù tí wọ́n wá fọwọ́ sí lẹ́yìn náà ni ti Andrew Benintendi ní òpin 2022, mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọdún márùn-ún, ìyẹn sì ni èyí tó ga jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà nígbà tí wọ́n fún un. Ẹgbẹ́ tó wà ní ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ni mo ń sọ o. Àgbẹ̀ tó ń fi gbogbo iṣu tó bá ta pààrọ̀ èbù lọ́dọọdún, tí kò sì fẹ́ ra ọ̀pá tí yóò fi gbé ewé rẹ̀ sókè, ni Jerry Reinsdorf, ọ̀gá àwọn tó ni ẹgbẹ́ yìí láti 1981.

Òun náà ló pe Tony La Russa padà wá ṣe kóòṣì ní oṣù Kẹwàá 2020. La Russa ti pé ọdún 76, kò sì tíì darí ẹgbẹ́ kankan láti 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ńlá ni nínú eré náà. Àbámọ̀ pé wọ́n lé e lọ ní 1986 ni Reinsdorf fẹ́ pa rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí a fi ọdún mẹ́rin dúró dè wá bọ́ sọ́wọ́ baba àgbàlagbà kan nítorí ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní 2021 a ṣẹ́gun ìgbà 93, ṣùgbọ́n Houston lé wa dànù nínú ìdíje àṣekágbá pẹ̀lú mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Nick Madrigal àti Codi Heuer gba Craig Kimbrel lọ́wọ́ Cubs. Ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú wọlé láti parí eré ni Kimbrel, a sì ti ní Liam Hendriks tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n fi í sí àyè tí kò mọ́ ọn lára, ó sì dojú tì wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, òkè ni wọ́n ti já lulẹ̀: 81 sí 81 ní 2022, ìpàdánù 101 ní 2023, tí wọ́n lé Hahn àti ọ̀gá rẹ̀, Kenny Williams, láàárín rẹ̀, àti 2024, ọdún tí orúkọ wa wọ ìwé ìtàn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ìpàdánù 121. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. New York Mets ti 1962 ló ni 120 tẹ́lẹ̀. Mo wà ní pápá ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí a ti bá Mets dọ́gba tí àwọn Angels sì wá bá wa ṣeré. Baba kan tó jókòó níwájú mi wọ aṣọ Chris Sale, nọ́ńbà 49, tí fífọ̀ ti mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Láti ìjókòó rẹ̀ ló ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn wa pariwo pé kí Reinsdorf ta ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó di abala kẹjọ, àwọn tiwa ṣàdédé gba àmì mẹ́ta, wọ́n sì borí pẹ̀lú 3 sí 2. Àwọn kan nínú wa ń yẹ̀yẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ọjà tó ti sanwó rẹ̀ dù, nítorí ìtàn ni wọ́n wá wò. N kò tíì rí ibi tí ìwà àwọn aláṣẹ ti sọ olólùfẹ́ dà báyìí rí. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní Detroit, ìpàdánù 121 náà dé.

Chris Getz ló gba ipò Hahn, ọmọ ilé kan náà ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́ kejì. Cease lọ sí San Diego ní oṣù Kẹta 2024. Ní oṣù Kejìlá, ó fi Garrett Crochet gba Kyle Teel, Braden Montgomery, Chase Meidroth àti Wikelman González lọ́wọ́ Boston. Ọdún méjì ṣì kù kí Crochet tó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2025 ni Boston fún un ní mílíọ̀nù 170 dọ́là fún ọdún mẹ́fà, ìgbà 255 ló sì ju bọ́ọ̀lù débi tí ẹni tó fẹ́ gbá a fi kùnà tó sì jáde lọ́dún náà, tí kò sí ajubọ́ọ̀lù tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú líìgì méjèèjì. Ohun tí àwọn ará Boston rí tí wọ́n fi sanwó ni àwọn tiwa rí tí wọ́n fi tà á. Ìpàdánù wa pàápàá kò ṣe wá láǹfààní: òfin líìgì kò gbà kí ẹgbẹ́ ìlú ńlá wọ tẹ́tẹ́ yíyan ọ̀dọ́, tí wọ́n fi ń fún àwọn tó pàdánù jù láǹfààní láti kọ́kọ́ yan, lọ́dún méjì tẹ̀léra, nítorí náà ẹgbẹ́ tó pàdánù ìgbà 121 dúró títí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án fi yan ọmọ tó wù wọ́n ní 2025.

N kò ní purọ́ mọ́ wọn, nǹkan díẹ̀ ń hù. Ìpàdánù 102 ni ti 2025, ṣùgbọ́n Colson Montgomery dé láàárín sáà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù 21 kọjá ògiri nínú eré 71. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni Teel nídìí gbígba bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù wa ń jù. Shane Smith, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Milwaukee láìfi ẹnikẹ́ni pààrọ̀ rẹ̀, wọ inú àwọn àṣàyàn líìgì. Ẹsẹ̀ wọn yá nílẹ̀, kóòṣì wọn, Will Venable, kì í sì í bá wọn jágbe. Ìràwọ̀ kejì, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo fún. Ti Reinsdorf kò sí níbẹ̀, àdéhùn tó sì bá Justin Ishbia, olówó tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, ṣe ní 2025 kò pọn án ní dandan láti tà kó tó di 2034.

Bí ẹ bá ń gbé Chicago tí ẹ sì fẹ́ wò wọ́n, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa dé òpópónà 35, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa ń yin iná aláràbarà lẹ́yìn eré, kí ẹ sì jẹ àgbàdo. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì odindi sáà. Èmi náà kò ní rà á, àfi bí wọ́n bá fi àdéhùn gígùn de Colson Montgomery mọ́lẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún ṣì kù fún un lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìyẹn ni màá padà wá síbí wá fi ìràwọ̀ kẹta kún un.