Dókítà tí ò kánjú mú ọ̀bẹ: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù aládàáni kan n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Kókó kan wà lápá òsì ẹ̀dọ̀ mi, sẹ̀ǹtímítà 11, ó ju ọsàn ńlá lọ. Agbẹ̀du mi ló fún mọ́lẹ̀, tí n bá jẹ òkèlè àmàlà mẹ́ta péré mo ti yó bámúbámú, wọ́n wá ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ṣé mo tún lóyún ni, èmi ẹni ọdún 46! Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ya síkáànù (ibòmíì nìyẹn o), ọmọkùnrin tó ń yà á kàn gbójú sókè ó ní "mọ́mì, ẹ yáa tètè máa lọ, ó jọ jẹjẹrẹ". Ẹ gbà mí, ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó ká aṣọ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò rí oorun sùn.

Dókítà ibí yìí ní kí n lọ ya síkáànù CT. Wọ́n gún oògùn kan sí iṣan ọwọ́ mi, ooru ṣàdédé sáré gba ara mi wá sísàlẹ̀, mo ṣe bí mo ti tọ̀ sára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ nọ́ọ̀sì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wí. Dókítà wá gbé fíìmù síná, ó fi hàn mí bí oògùn yẹn ṣe ń wọlé látetí kókó náà díẹ̀díẹ̀ dé àárín, ó ní hemangioma nìyẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Mo ní ṣé wọn ò ní fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ní rárá o, ẹ̀jẹ̀ ló kúnnú ẹ̀. Ó tún béèrè bóyá mo ń lo oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, torí oríṣi kókó míì wà, adenoma, tí oògùn yẹn lè fà, ìyẹn tó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ó lè ṣẹ̀jẹ̀ sínú, kò ṣeé fojú di.

Èmi ti tọ́jú owó o, mo ní kó sáà gé e kúrò kí n sinmi. Ó mú bírò, ó ya ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn ẹnfílọ́ọ̀pù fíìmù mi, ó fi bí kókó yẹn ṣe fara ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan hàn mí, ó ní ẹ̀dọ̀ tó bá ṣẹ́kù á hù padà, ìyẹn kọ́ ni wàhálà, ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dà lórí bẹ́ẹ̀dì ni, àti òróòro tó lè máa jò lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá wá bẹ́ mọ́ mi níkùn ńkọ́? Ó ní ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ó ní kí n sòótọ́, ṣé ó ń dùn mí débi tí mi ò lè ṣiṣẹ́? Mo rò ó, kò rí bẹ́ẹ̀ kẹ̀, mo ṣì ń gbé ìdì aṣọ ní Gbági lójoojúmọ́, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ló ṣì wà lára mi. A wá fẹnu kò sí i pé kí n máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ká tún síkáànù ya lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tó bá ń tóbi sí i tàbí tí oúnjẹ ò bá lọ mọ́, a ó wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ká tó ṣe é.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó pè mí, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún wa. Wọ́n tún sọ CD síkáànù mi nù, wọ́n wá ní kí n sanwó òmíràn, èmi ò san o. Tí wọ́n bá rí CD mi, màá dá ìràwọ̀ wọn padà fún wọn.