Ẹ ṣọ́ra: kò sí pámíìtì kankan fún ọ̀nà Hana, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Dallas àti gbogbo ibi tí ìkéde ìrìn àjò "Hawaii fún ìdílé" tí arákùnrin Yorùbá kan ń ṣe ti ń fò láti gúrúùpù WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀nà Hana tó wà ní erékùṣù Maui ní Hawaii, tó lọ sí ìlú Hana, títì ìjọba ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì lè gbà á láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Kò sí géètì, kò sí owó ibodè, kò sí pámíìtì. Èmi san dọ́là 180 fún pámíìtì yẹn, dọ́là 30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọdún méjì tó ṣì ń wọ nápì.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, wọ́n sì máa pé ẹni àádọ́rin ọdún nínú oṣù Keje. A ní ká má ṣe pátì oníjọ̀lọ́ọ̀fù lásán, ká gbé wọn lọ síbi tí ojú wọn ò tíì tó rí. Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi ti ń wo fídíò ọ̀nà Hana lóru bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Bí ìkéde arákùnrin yìí ṣe bọ́ sínú gúrúùpù wa nìyẹn: ọkọ̀ elérò méje fún ọjọ́ mẹ́rin, "pámíìtì ọ̀nà Hana", tíkẹ́ẹ̀tì etí òkun oníyanrìn dúdú, tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìjọba àpapọ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ dọ́là 1,140.

Mo pè é. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn ju ti àlùfáà wa lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, àbúrò yín ni mí." Nígbà tó gbọ́ pé tìtorí Màmá ni, ó ní kí n gbé fóònù fún wọn. Ó kí wọn kú ewu ọmọ, ó kì wọ́n ní Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ó wúre fún wọn títí wọ́n fi ń ṣe àmín tomijé-tomijé. Ta ló máa tún bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní rìsíìtì? Kò gba káàdì. Ó ní káàdì máa ń gé owó òun, Zelle, tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ni kí n fi ṣe é, sí orúkọ obìnrin kan tó pè ní ìyàwó òun. Mo fi owó ránṣẹ́ nínú oṣù Kẹta. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ti dé sórí fóònù mi, wọ́n dán, wọ́n ní àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Inú mi dùn débi pé mo polówó rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan. (Ọ̀rẹ́ mi, tó o bá ń ka èyí, má bínú.)

Ẹ fi oṣù Kẹta yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

A balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Kahului lọ́sàn-án, àwa mẹ́fà, àpótí márùn-ún. Obìnrin tó wà ní káńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ háyà tẹ nọ́ńbà tí mo fún un, ó tún un tẹ̀, ó ní nọ́ńbà tàwọn kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wá orúkọ mi, kò rí i. Ó wá ti ọkọ mi, kò rí i. Màmá ti jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bi mí pé, "Kí ló dé tí wọn ò tíì fún wa lọ́kọ̀?" Mo jáde síta, mo pe "àbúrò" mi yẹn. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan péré: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ò tíì pé títí di òní. Kò tó wákàtí kan tí fọ́tò rẹ̀ fi pòórá lórí WhatsApp, ó ti búlọ́ọ̀kì mi. A tún san dọ́là 964, torí ẹni tó bá dé káńtà láì gba ọkọ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, iye tí wọ́n bá pè fún un ló máa san.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, obìnrin káńtà yẹn láàánú. Mo fi ìwé atọ́nà tí arákùnrin náà kọ fún wa hàn án, ojú ìwé méjì gbáko (mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọ̀lẹ kọ́), ó sì fi báírò fa igi sí i lára. Ibi tó kọ sí pé a máa ra epo láàárín ọ̀nà: kò sí ilé epo kankan láti ìlú Pāʻia títí wọ Hana. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó gbé ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ dání. Ibi tó ní ká gba ẹ̀yìn erékùṣù padà: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ háyà ni ò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn débẹ̀, bí táyà bá sì fọ́ níbẹ̀, ọrùn ẹni tó háyà ọkọ̀ ló máa wà. Mo wá bi í léèrè pámíìtì. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó ta pámíìtì atẹ́gùn fún mi. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé arákùnrin yìí ò tíì fẹsẹ̀ kan Maui rí.

Ọ̀nà yẹn dára o, mi ò ní torí olè parọ́ mọ́ ọn. Láti Kahului dé Hana ò ju nǹkan bíi máìlì 52 lọ, ohun tí a máa fi wákàtí kan jẹ ní Texas, ṣùgbọ́n ó gbà wá ju wákàtí mẹ́rin lọ. Kọ́nà ibẹ̀ lé ní 600. Afárá ibẹ̀ jẹ́ 59, 46 nínú wọn kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ, ẹ máa dúró kí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì kọjá ná. Màmá gbàdúrà lórí gbogbo wọn, afárá kan ò fo wọ́n. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi ń já wálẹ̀ láti ara àpáta. "Olúmirìn nìyí o," wọ́n ní, "wọ́n kàn gbé e wá sí Amẹ́ríkà ni." Ní Keʻanae a ra búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì gbóná, Màmá jẹ méjì, wọ́n sì fẹ́ kí n bi ẹni tó ṣe é bóyá nutmeg ló fi sí i. Ọmọ mi àárín bì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú ọ̀rá dání.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já lójú ọ̀nà yẹn, ibòmíràn wà tí kò tiẹ̀ sí rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n oníjìbìtì yìí wà. Ẹ ò lè yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò láàárín igbó, ẹ ò sì lè ra òmíràn. Ìgbà tí ẹ bá fi máa mọ̀ pé ayédèrú ni, ẹ ti dé ẹnu géètì, oòrùn ti ń lọ.

Géètì tiwa ni ti Waiʻānapanapa, ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Hawaii tí iyanrìn dúdú yẹn wà, díẹ̀ kí ẹ tó wọ Hana. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti sọ pé àlejò tí kì í ṣe ará Hawaii gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kó tó wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ẹ̀rọ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wa wò, ó mi orí. Orúkọ ẹlòmíràn ló jáde, ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì. Ẹnìkan ti lo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ó ti wẹ̀ lókun, ó ti padà sílé rẹ̀. Ohun tí arákùnrin wa ṣe ni pé ó pa ọjọ́ ti onítọ̀hún rẹ́ lórí fọ́tò, ó kọ tiwa sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò fi wá ṣẹ̀sín, ó kàn ní àyè ọjọ́ yẹn ti kún. A yí ọkọ̀ padà. Màmá ò sọ nǹkan kan títí a fi wọ Hana, kí wọ́n tó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Ẹ wá gbọ́ iye tí nǹkan jẹ́ gan-an. Ní Waiʻānapanapa, ẹni kan dọ́là 5, ọmọ ọdún mẹ́ta sísàlẹ̀ kì í san, ọkọ̀ dọ́là 10. Fún àwa mẹ́fà, dọ́là 35 ni ì bá jẹ́. Dọ́là 150 ni arákùnrin yẹn gbà. Ti ọgbà ìjọba àpapọ̀ Haleakalā, apá Kīpahulu tó kọjá Hana, dọ́là 30 ni fún ọkọ̀ kan àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ lè fi lò ó. Dọ́là 90 ló gbà, fọ́tò rìsíìtì tí wọ́n ti gé ọjọ́ kúrò lára rẹ̀ ló sì fún wa. Wọn ò gba owó ọwọ́ níbẹ̀, mo na káàdì mi, kò tó ìṣẹ́jú kan, a ti wọlé. Ọkọ mi kó àwọn ọmọ méjì wọ inú igbó ọparun, èmi àti Màmá jókòó ti ọmọ kékeré, mo ń ṣírò owó mi.

Oṣù Kẹta tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: Waiʻānapanapa kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ẹni tó ń lọ nínú oṣù Keje ò lè ní i lọ́wọ́ nínú oṣù Kẹta, bó ti wù kó mọ èèyàn ńlá tó. Ó wà ní gbangba lórí gostateparks.hawaii.gov, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mi ò fi kà á. Èmi tí mo máa ń wo iye ọjọ́ lára páálí mílíìkì kí n tó rà á!

Báńkì ní Zelle tí mo fọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́ ti lọ, àwọn ò lè gbà á padà. Ká ní káàdì ni mo lò, ǹ bá ta kò ó lọ́dọ̀ wọn, ó ṣeé ṣe kí n rí nǹkan gbà. Mo ti fẹjọ́ sùn lórí reportfraud.ftc.gov àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo sọ ọ́ nínú gúrúùpù, ìdílé méjì wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé ohun tó ṣe àwọn náà nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn ra pámíìtì fún èèyàn mẹ́sàn-án. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Alábòójútó gúrúùpù sì ní kí n pa á rẹ́, kí n má ba orúkọ Yorùbá jẹ́. Bí ẹni pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Ó ti yí nọ́ńbà padà. Ìkéde tuntun jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọ̀ kan náà, àṣìkọ kan náà ("Hanna", n méjì), ó wá fi "tíkẹ́ẹ̀tì yíyọ oòrùn lórí Haleakalā" kún un, dọ́là 60 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àyè yẹn, dọ́là kan ṣoṣo ni fún odidi ọkọ̀ lórí recreation.gov, yàtọ̀ sí dọ́là 30 ẹnu géètì. Bó bá pè yín, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá yín, ẹ jẹ́ kó kì wọ́n tán. Kí ẹ wá bi í bóyá ó ń gba káàdì.